Ìwé Ìkìlọ̀ Ò Ní Búrékì

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Mi ò sọ pé wọn ò kọ́ wọn o. Wọ́n ń kọ́ wọn dáadáa. Ọmọ ọdún méje ló ń to orúkọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì fún mi nídìí àmàlà. Àwa òbí ni wọn ò jẹ́ ká rójú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìwé ti dé. Òmíràn wà nínú báàgì ọmọ, òmíràn ni wọ́n fi pín-ìn-nì kàn mọ́ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Èyí tó burú jù ni èyí tó máa ń dún lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí onílé àti àlejò ti sùn: "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ rán yín létí pé lọ́la..." Lọ́la! Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ń rán mi létí ohun tí mi ò gbọ́ rí.

Tèmi tún wá lé kenkà, torí pé ìbejì ni mo bí. Kíláàsì kan náà, tíṣà kan náà, ìwé kan náà, síbẹ̀ wọn ò ní ṣàì fi ẹ̀dà kan sínú báàgì Táyé, kí wọ́n tún fi òmíràn sínú ti Kẹ́hìndé. Iye owó tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà kì í ṣe ẹ̀dà ní tiẹ̀. Méjì gidi ni. Mo bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé bóyá wọ́n lè bá wa dín díẹ̀ kù, àwa tí Ọlọ́run fi méjì ta lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ìbejì máa ń la bàbá wọn ni o!" Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí yìí, ilé-ìwé ni mo rí tó ń là. Ká ní Ìgbò-Ọrà ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí, níbi tí ìbejì ti pọ̀ débi pé wọ́n ń ṣọdún wọn, ì bá ti di báńkì.

Ẹ tún gbọ́ ohun tí ìwé wọ̀nyí ń sọ. Lọ́sẹ̀ yìí, Ọjọ́ Yẹ́lò ni: kí ọmọ wọ yẹ́lò láti orí dé àtàǹpàkò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọjọ́ Aláwọ̀ Ewé ni. Ọjọ́ Àṣà náà dé, wọ́n ní kí Táyé múra bí Haúsá, kí Kẹ́hìndé múra bí Ìgbò. Aṣọ òfì tí ìyá wọn jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ wà nínú àpótí nílé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Èmi, ọmọ bíbí Ìbàdàn, ni mo ń fi òru wá fìlà Haúsá tó bá orí ọmọdé mu kiri Sábó. Ẹni tó tà á fún mi bi mí bóyá a fẹ́ lọ sí Kánò ni. Mo ní rárá, ilé-ìwé la ń lọ.

Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tún wà. Ọmọ tó fi jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ lọ sí kíláàsì kìíní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ 2 tí kò fi ní kọjú sẹ́yìn, ni wọ́n wọ gáùn fún, tí wọ́n tún dé fìlà onígun mẹ́rin lé lórí. Bàbá tó bí mi kọ́ iṣẹ́, ó kọ́lé, ó tọ́ ọmọ márùn-ún, kò wọ gáùn yẹn rí títí ó fi re ibi àgbà á rè.

Bàbá mi yìí sì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ó kàn án, ó ti tó ilé-ìwé nìyẹn. Títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà, ẹyọ ìwé ìkìlọ̀ kan ò wọlé bàbá tiẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ilé-ìwé ránṣẹ́ pe bàbá àgbà, ọmọ ló ká máńgòrò ọ̀gá.

Mo mọ̀ pé ayé ìgbà náà kọ́ là ń gbé. Mọ́tò tó ń kọjá lóòjọ́ nígbà yẹn ṣeé kà. Lóde òní, ọmọ nílò ìkìlọ̀, òbí sì nílò rẹ̀ ju ọmọ lọ. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀dùn ọkàn mi wà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbowó yẹ́lò, wọ́n á kọ ọ́ kó yé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Èyí tó yẹ kó gba ẹ̀mí ọmọ là ni wọ́n kọ wúruwùru.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n pè ní Ìrántí fún Ààbò Àwọn Ọmọ Wa. Ojú ìwé mẹ́rin ni, wọ́n yàwòrán ọmọ òyìnbó méjì sí iwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì wọ bàtà òtútù. Mo jókòó, mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà, ká kọ́kọ́ gbọ́ rédíò ká tó gbé ọmọ jáde nílé. Ní Ìbàdàn! Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń bọ́ lu páànù nígbà tí òjò bá ń jà, táwọn ọmọ á sáré jáde lọ ṣà á jẹ. Omi ló yẹ kí wọ́n bá wa sọ. Ìlú yìí ni odò Ògùnpa ti kún àkúnya lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, gbé ọkọ̀, gbé èèyàn. Ìlú yìí náà ni omíyalé tún ti ṣọṣẹ́ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Nínú ojú ìwé mẹ́rin, kò sí gbólóhùn kan nípa ohun tí ọmọ máa ṣe bí àgbàrá bá bo ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gọ́tà wà níwájú ilé-ìwé náà o. Kò ní ìdérí, ó sì jìn tó ọmọ kíláàsì kìíní lóròó.

Mo ṣí ojú ìwé kejì. Wọ́n ní bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ká tètè pe 999. Nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ó dáa, ká sọ pé mo pè é, tí wọ́n gbé e ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ni n óò wí? "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ bá wa gbé ọkọ̀ aláìsàn bọ̀ kíákíá, bí ẹ bá ti já sí Ìwó Road, ẹ má gba Gáàtì o, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà níbẹ̀"? Nàìjíríà ní nọ́ńbà tiẹ̀, 112 ni. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tó ti wà láti ọdún 1988, ní 122. Nọ́ńbà méjèèjì rọrùn fún ọmọdé láti há sórí. Àwọn ọmọ mi ti há wọn sórí báyìí, torí èmi ni mo kọ́ wọn. Ilé-ìwé kọ́.

Ojú ìwé kẹta ló mú mi dìde lórí àga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọjá títì: kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó tún wo ọ̀tún, kó tó máa lọ. Òótọ́ ni, fún ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀tún ni ọkọ̀ tó sún mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ti ń bọ̀. Àwa náà ti wakọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kó sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ yẹn, òsì ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ ń yọ sí ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Òsì lọmọ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, kó wo ọ̀tún, kó sì tún wo òsì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ yìí ló gbọ́, ìròyìn ọ̀hún ni kò tíì dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Kódà, ká ní wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kò tíì tó fún wa. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ níbi tí kì í ṣe ọ̀nà tiẹ̀ ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Micra tó gbé èrò kọjá ibi tó fẹ́ bọ́ sí á fi ẹ̀yìn rìn padà wá láìwẹ̀yìn. Ọmọ Ìbàdàn ní láti wo òsì, wo ọ̀tún, wo ẹ̀yìn, kó tún fi etí sílẹ̀. Ẹ sì mọ ìṣe àwọn ìbejì. Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táyé ṣáájú pé kó lọ bá òun tọ́ ayé wò. Mo ti pe Kẹ́hìndé sí kọ̀rọ̀, mo ti kìlọ̀ fún un pé àṣà yẹn ò gbọdọ̀ dé ojú títì. Kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n jọ tọ́ ọ wò.

Ojú ìwé kẹrin, ẹ̀pà ni. Kí òbí kankan má fi ẹ̀pà sínú oúnjẹ ọmọ, torí ara àwọn ọmọ kan kì í gbà á. Mi ò bá ìyẹn jà. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gba ẹ̀pà, ẹ̀pà lè pa á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìyá ẹlẹ́pà tó jókòó sára ògiri ilé-ìwé yìí gan-an, tòun ti ẹ̀pà inú ìgò, tòun ti kúlíkúlí, ẹ̀yìn rẹ̀ kan pátákó tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà sí. Àwọn tíṣà ni oníbàárà rẹ̀ àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti káàdì. Ilé-ìwé ní ẹni tí kò bá mú káàdì wá kò lè mú ọmọ lọ. Òfin tó dáa ni, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ kò ní bú u. Mo dé ẹnu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mẹ́gàdì yọ̀ mọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ káàsán o! Ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Bá mi pe àwọn ọmọ."

"Káàdì dà, sà?"

Mo fún un. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sójú, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Sà, ti Táyé nìyí. Ti Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì ìyá wọn, ìyá wọn sì ti lọ sọ́jà."

"Kò burú, sà. Ẹ máa mú Táyé lọ. Kẹ́hìndé á dúró de káàdì tiẹ̀."

Àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, imú mi wà lójú wọn, etí mi wà létí wọn. Mo ní, "Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní Bàbá Ìbejì yìí. Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni ìbejì tí wọ́n ń bí níbi tí o ti wá ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Òfin ni. Wọ́n á lé mi níṣẹ́."

Ibi tí a wà nìyẹn tí ọlọ́kadà kan fi já wọlé. Ó gbé ọmọ kan sórí táńkì, ó to mẹ́ta sẹ́yìn, ó kó báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Kò sí káàdì, kò sí ẹ́límẹ́ẹ̀tì, kódà bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pé méjì. Mẹ́gàdì ṣí géètì fún un gbayawu: "Ọ̀gá, ó dàárọ̀ o!" Mo bi í pé kí ló dé tí kò béèrè káàdì lọ́wọ́ ìyẹn. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Ìyẹn kẹ̀? Ojoojúmọ́ ló ń wá, sà."

Mo fi ojoojúmọ́ tí èmi náà ń wá sílẹ̀, mo dúró ti Kẹ́hìndé títí ìyá wọn fi ti ọjà dé.

Ní tòótọ́, ewu tó wà nílé-ìwé yìí kò sí nínú yìnyín, kò sì sí nínú ẹ̀pà. Ẹnu géètì ló wà, ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Mọ́mì kan á gbé Jíìpù dúró sí àárín títì gbáko, á ṣílẹ̀kùn síhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà, á sọ̀kalẹ̀, á tún ríbọ́ọ̀nù ọmọ rẹ̀ dì, á yẹ kúlà oúnjẹ rẹ̀ wò, á gbàdúrà fún un, á ní kó ṣe àmín. Dádì kan lẹ́yìn rẹ̀ á tẹ fèrè, á wá fi ìbínú yà, á gba iwájú àwọn ọmọ tó ń sọdá kọjá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á wá àyè láàárín àwọn méjèèjì. Gbogbo wọn ló gba ìwé olójú mẹ́rin náà, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti kà á. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí náà wà nínú fáìlì. Ọkọ̀ wà lójú títì. Ìwé ò sì ní búrékì.

Kò sì yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ará Ìbàdàn pé kí ó bẹ̀rù ibi tí ọmọdé bá ti pọ̀ jọ láìsí ẹni tó ń tò wọ́n. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Baṣọ̀run, wọ́n pe àwọn ọmọdé síbi àríyá ọdún, èrò ya bo ibẹ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ 35 ni kò padà sílé. N kò ní fi ìyẹn ṣe àwàdà.

Ẹ wá wo àwọn tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ, fà á lọ́wọ́ bọ̀. Bí èmi àti ìyá wọn bá wà níbi iṣẹ́, ìyá mi ló ń lọ mú wọn. Níbòmíràn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí ọlọ́kadà yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìkìlọ̀ sí wọn látòkè délẹ̀. Ìyá mi gba tiẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ká a sí ìdí ìró, ó rò pé ìwé owó ni. Lọ́jọ́ kejì ó fi wé àkàrà fún àwọn ọmọ, ìkìlọ̀ sì padà sí ilé-ìwé tòun ti òróró. Mo bi ọ̀gá pé kí ló ṣe tí wọn ò fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní ilé-ìwé àwọn kì í lo Yorùbá, ọmọ tó bá sọ ọ́ ń san owó ìtanràn. Mo ní bí ọmọ kan bá wá kígbe sí èkejì rẹ̀ pé "Mọ́tò ń bọ̀!", èló nìyẹn? Kò dá mi lóhùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Bí ìṣirò bá ṣeé fi Yorùbá kọ́, "ẹ má gbé ọmọ sórí táńkì" náà á ṣeé kọ.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo dìde, mo tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n dé gọ́tà. Kí wọ́n kọ 112 àti 122 gàdàgbà sára ògiri. Kí ọkọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀, kí òbí fẹsẹ̀ rin ọmọ dé géètì. Kí ẹnì kan wà lójú títì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án pẹ̀lú àsíá pupa. Ọjọ́ Yẹ́lò kan ṣoṣo tí a bá fò á san owó rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí, bàbá kan tilẹ̀ dìde bọ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó délé, ìwé ti dé sórí WhatsApp: "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a ti gbọ́ ìmọ̀ràn yín. Láìpẹ́, a ó fi ìwé ìkìlọ̀ tuntun ránṣẹ́."

N ò dúró dè wọ́n. Àwa òbí mélòó kan kó ara wa jọ, a lọ bá ìyá ẹlẹ́pà. Òun ló mọ gbogbo ọmọ tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ó mọ ìyá wọn, ó mọ ọlọ́kadà tó ń gbé wọn. A rán aṣọ pupa mọ́ igi fún un, a ra fèrè, a sì ń dá owó fún un lóṣooṣù. Ìyá náà kì í kàwé, ṣùgbọ́n bó bá na igi yẹn sí títì, tó fi ohùn bú ẹni tó ń sáré bọ̀, Jíìpù á dúró, Micra á dúró, ọlọ́kadà á sọ̀kalẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mẹ́gàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì lọ́wọ́ ọlọ́kadà, torí pé ìyá ẹlẹ́pà ń wò ó.

Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá fẹ́ mọ bí a ṣe ṣe é, kó kọ̀wé sí wa. A ó fèsì, ní Yorùbá.